Ṣé a lè fi ọjọ́ márùn-ún kọ́ àwọn ọmọ wa bí ebi ṣe rí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kubwa ní Àbújá là ń gbé. Nígbà tí a kó aṣọ lọ sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò ní Borno, èyí tó wà ní Durumi, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 10, bi mí pé kí ló dé tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ò kúkú ní kí ìyá wọn ra ìndómì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn. Èmi àti bàbá wọn wá rò ó pé nínú ìsinmi yìí, kí gbogbo ilé máa mu gààrí nìkan, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 14, àbúrò wọn jẹ́ ọmọ ọdún 3. Ìyá ọkọ mi, tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, wà lọ́dọ̀ wa. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ká yín lára. Bí ẹ ṣe là á kalẹ̀ yìí, ó léwu, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn pa á tì.

Ẹ kọ́kọ́ yọ Màmá kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí kò sì jẹun tó, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì: òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ó sì lè dákú. Ẹ yọ àbúrò wọn náà. Ikùn ọmọ ọdún 3 kò gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ máa jẹun léraléra. Bákan náà ni ti aboyún, ìyá ọlọ́mú, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú àti ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde.

Ní ti àwọn ọkùnrin méjì yẹn, ẹ má bu oúnjẹ wọn kù. Kálórì 2,100 ni àwọn àjọ ìrànwọ́ máa ń ṣírò fún ẹnì kan lóòjọ́ nígbà ìṣòro, ìyẹn gan-an ò sì tó ọmọkùnrin ọdún 14 tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Gààrí nìkan ńkọ́? Ó ń fúnni lágbára, àmọ́ èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn ni àǹfààní láti yan ohun tí wọ́n máa jẹ: ògì bàbà àti àkàrà láàárọ̀, ẹ̀wà àti gààrí lọ́sàn-án, túwó àgbàdo pẹ̀lú ọbẹ̀ zogale (ewé mòríńgà) lálẹ́. Kò sí ẹran, kò sí mílíkì, kò sí ìpápánu, oúnjẹ kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Wọ́n á yó, síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì ẹ ó gbọ́ tẹnu wọn. Ẹ̀yin àti bàbá wọn lè fo oúnjẹ ọ̀sán bí ara yín bá le.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà wà gan-an ni ọjà. Ẹ̀yin mọ ọjọ́ tí ètò yín máa parí, ìyá tó wà ní Durumi kò mọ̀. Nítorí náà, ẹ kó owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, kí òun àti àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 10 wọ ọjà Kubwa, kí wọ́n béèrè iye tí múdù gààrí jẹ́, iye tí ti ẹ̀wà jẹ́, kí wọ́n rí i bí owó ṣe ń tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta epo. Bí owó ò bá tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó fúnra wọn fún bíi wákàtí kan kí ẹ tó fi kún un. Ẹ sọ ti afáfátá fún wọn níbẹ̀: ìrẹsì líle tí ilé ìlọrẹsì ń yọ sọ́tọ̀, tí wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀ fún àwọn tó ń sin ẹja. Ní 2024, nígbà tí ìrẹsì wọ́n gógó, ó di oúnjẹ ọ̀pọ̀ ìdílé ní òkè Ọya.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹ gé òwú tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 11.5. Irú ìwọ̀n yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń wọn yíká òkè apá ọmọ oṣù 6 sí 59. Ọmọ tí yíká apá rẹ̀ kò bá tó ìwọ̀n yìí, àìjẹunre ti wọ̀ ọ́ lára gan-an, ó sì nílò ìtọ́jú kíákíá. Ẹ fún ọmọ ọdún 10 yẹn ní òwú náà pẹ̀lú ẹyin adìẹ ńlá kan, kó gbìyànjú láti fi yí ẹyin ká láàárín. Òwú ò ní dé ara wọn, torí ẹyin náà tóbi ju apá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kó fi wọn yíká òkè apá àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 3.

Bí ẹ bá padà lọ sí Durumi, ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má sọ fún ọmọ kankan níbẹ̀ pé àwọn náà ti mọ ebi. Kí wọ́n gbé ẹ̀wà tí wọ́n rà fún ìyá tó ń dáná, kí wọ́n jókòó bá a ṣa òkúta inú rẹ̀.