Fọ́ǹtì tí àmì ohùn kì í ṣí lórí rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn, pé àmì ohùn ń ṣí kúrò lórí lẹ́tà nínú káàdì ìgbéyàwó tẹ́ ẹ̀ ń ṣe, kọ̀ǹpútà yín ò bàjẹ́ o. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tẹ́ ẹ fi kọ ọ́, ni.

Iṣẹ́ káàdì àti pósítà òkú ni mò ń ṣe ní Sábó, Ìkòròdú, ojú mi sì ti rí i. Oníbàárà kan mú fọ́ǹtì kan wá, ó rí bí ìgbà téèyàn fi bírò kọ ọ́, ó ní òun la máa fi kọ orúkọ ìyá òun tó dolóògbé. Ó rẹwà títí a fi dé orí "Ọ̀ṣọ́". Àmì òkè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ti ìsàlẹ̀ wọnú lẹ́tà lọ. Ta ló máa lẹ orúkọ ìyá ẹ̀ báyẹn mọ́ ògiri?

Ohun tó ń fà á nìyí: nínú Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ ò ní. Kọ̀ǹpútà á mú ẹ, á wá gbé àmì lé e lórí. Ẹni tó ya fọ́ǹtì ló yẹ kó ti fi ibi tí àmì máa jókòó sí sínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe é, torí èdè tiwọn ò nílò rẹ̀.

Victor Gaultney, tó máa ń ya fọ́ǹtì, ṣe é. Yunifásítì Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀ fọ́ǹtì Gentium, nítorí irú àwọn èdè bíi tiwa yìí gan-an, ọ̀fẹ́ sì ni. Òun ni kẹ́ ẹ fi ṣe káàdì yẹn.

Fọ́ǹtì Charis ni tèmi fún ìwé ètò ìsìnkú. Matthew Carter tó ya Verdana àti Georgia ló ya fọ́ǹtì Charter ní 1987 fún àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé ìgbà yẹn tí lẹ́tà kì í hàn dáadáa lórí wọn. Àjọ SIL, tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, wá sọ ọ́ di Charis, wọ́n fi àmì tó pọ̀ kún un. Ara rẹ̀ ki. Bẹ́ ẹ fọ́tókọ́pì rẹ̀ sórí bébà olówó pọ́ọ́kú, àmì abẹ́ ọ ṣì máa hàn ketekete.

Helvetica tí Max Miedinger yà ní 1957 gbayì lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀dà rẹ̀ táwọn èèyàn ń pín láàárín ara wọn ládùúgbò wa kì í gbé àmì wa. Noto Sans ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀.

Fọ́ǹtì yòówù, ẹ kọ́kọ́ tẹ "Ọ̀ṣọ́, ẹ̀ṣẹ́, ǹjẹ́, ńlá" wò. PDF sì ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, kí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀, torí àwọn kan máa ń fi tiwọn rọ́pò láì bi yín.