Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Iṣan Ẹ̀yìn Gìgísẹ̀ Tí Kò Tètè Jinná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láràárọ̀ ni iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi ti ń ro mí, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ báyìí. Tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló máa ń le jù. Iṣan itan ẹ̀gbọ́n mi fà ya díẹ̀ nígbà kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi san. Mo ti sinmi, mo ti ní kí wọ́n bá mi wọ́ ọ, kò lọ. Ṣé iṣan kọ́ ni méjèèjì ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Orúkọ ló kọ́kọ́ ń dà wá láàmú. Iṣan là ń pe ẹran tó ń súnkì, iṣan là ń pe okùn funfun tó so ẹran náà mọ́ egungun, iṣan náà la sì ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹran ló ya. Tiyín, bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ó jọ pé okùn ni.

Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín sókè, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ sì ká ọrùn ọwọ́ wá sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀. Ẹ rí okùn tó yọ lábẹ́ awọ yẹn? Ẹ fọwọ́ kàn án, ó le. Ẹ wá fi ìka tọ̀ ọ́ lọ sápá ìgúnpá, ẹ ó dé ibi tó ti di ẹran rírọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ta kókó. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wé fọ́nrán ẹran kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á di fọ́nrán púpọ̀ ní ìdì, awọ mìíràn á wé ìdì. Awọ kẹta á wá wé gbogbo rẹ̀. Níbi tí ẹran parí sí, àwọn awọ yìí kò parí. Ńṣe ni wọ́n pa pọ̀, tí wọ́n ki, tí wọ́n di okùn tó wọ egungun lọ.

Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ẹran, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé ohun tí ara fi ń tún ara ṣe wá. Collagen, ìyẹn èròjà ara tó rí bíi fọ́nrán tó le, ló pọ̀ jù nínú okùn, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò tó nǹkan. Okùn ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ló nípọn jù nínú ara, òun náà ló lágbára jù, síbẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 6 lókè gìgísẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n jù lára rẹ̀. Ibẹ̀ ló sábà máa ń ro èèyàn.

Ìsinmi nìkan kò lè ṣe é, torí okùn tí kò ríṣẹ́ ṣe á túbọ̀ máa rọ ni. Ẹ dá eré sísá dúró ná. Ẹ fọwọ́ ti ògiri, ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, kí ẹ wá máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́jẹ́. Ìrora díẹ̀ kò burú. Tó bá wá le sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta gbáko. Tí ẹ bá sì ń lo oògùn apakòkòrò bíi ciprofloxacin, ẹ sọ fún dókítà yín, torí ó lè ba okùn yìí jẹ́.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ "pá!" lẹ́yìn ẹsẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan gbá yín nípàá, tí ẹ kò sì lè fi ìka ẹsẹ̀ yẹn nìkan dúró mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.