Àga Ìrókò Tó Ti Di Aláwọ̀ Eérú

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Àga mẹ́rin àti tábìlì kan tí bàbá mi olóògbé fi igi ìrókò kàn wà lẹ́yìnkùlé wa ní Àgbádárìgì. Òjò àti oòrùn ti sọ wọ́n di aláwọ̀ eérú, ewéédò ti bo ẹsẹ̀ wọn, ìdí àwọn ìṣó sì ti dúdú. Káfíńtà kan ní kí n fi ẹ̀rọ fá gbogbo rẹ̀, kí n sì fi fáníìṣì kùn ún. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fá a. Àwọ̀ eérú yẹn kò fi hàn pé igi ti bàjẹ́. Oòrùn ló ń tú èròjà tó so ara igi pọ̀, tí òjò sì ń fọ̀ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n òkè ara igi nìkan ni èyí mọ. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ họ ibì kan díẹ̀, ẹ ó rí àwọ̀ ìrókò gan-an lábẹ́ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ àga ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi ẹnu súkúrúdíráífà gún un nísàlẹ̀. Bí ó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ibẹ̀ ti jẹrà, ẹ ní láti gé e kí ẹ sì fi igi mìíràn lẹ̀ ẹ́. Ikán kì í fẹ́ràn àárín igi ìrókò, àmọ́ ó ń jẹ apá funfun tó wà lẹ́bàá èèpo, nítorí náà ẹ fi òkúta tẹ́ ẹsẹ̀ àga kí ó má baà fara kan ilẹ̀.

Omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì onírun ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n. Ẹ má lo irin ìfọkòkò rárá, torí èérún irin tó bá kù sára ìrókò yóò di àbàwọ́n dúdú bí omi bá kàn án. Ohun tó ṣe ìdí àwọn ìṣó yín náà nìyẹn, iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun sì ń mú kí ìṣó tètè dógùn-ún. Ẹ yọ wọ́n, kí ẹ fi súkúrúù idẹ rọ́pò wọn. Fún ewéédò, ẹ po ife búlíìṣì kan mọ́ ife omi mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí ó wà lára igi fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì ṣan án dáadáa. Ẹ má ṣe da búlíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì kankan láéláé, nítorí májèlé ni èéfín tí yóò jáde.

Gbígbẹ igi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní sùúrù fún. Mo ti kun àga gbọọrọ kan ní oṣù kẹfà rí, lẹ́yìn oòrùn ọjọ́ méjì péré, torí pé ojú rẹ̀ gbẹ; kó tó pé oṣù kan, ó ti bu dúdú lábẹ́ òróró, mo sì tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe. Lẹ́bàá ọ̀sà bíi tiyín, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń tutù rin, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán láìsí òjò. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 80 ha á, kí ẹ fi nọ́ńbà 120 tó kúnná jù ú lọ tẹ̀ lé e, kí ọwọ́ yín máa tẹ̀ lé ìlà ara igi. Ẹ bo imú àti ẹnu yín, torí lẹ́búlẹ́bú ìrókò máa ń ta ọ̀fun, ó sì ń yún ni lára.

Èmi kò fara mọ́ fáníìṣì fún àga ìta. Bí igi bá ti ń wú tó sì ń sún kì, fáníìṣì á sán, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde, títí gbogbo rẹ̀ á fi máa ṣí pẹ́lẹ́bẹ́pẹ́lẹ́bẹ́. Òróró tíìkì tí wọ́n ṣe fún igi ìta ni kí ẹ fi pa á. Ẹ má fi epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà dípò rẹ̀, torí wọn kì í gbẹ. Ẹ fi àkísà pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ nu èyí tí igi kò fà mu kúrò lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì tún un pa lọ́jọ́ kejì. Lọ́dọọdún ni kí ẹ máa ṣe é.

Àkísà náà, ẹ má ṣe ká a jọ sí kọ̀rọ̀ kan nínú ilé. Òróró tó ń gbẹ lára rẹ̀ máa ń gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi kí ẹ tó jù ú nù.