Iṣẹ́ Wo Ni Ọmọ Ọdún 15 Lè Ṣe Nígbà Ìsinmi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 15. Kò ṣiṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ iṣẹ́ tó lówó lórí nígbà ìsinmi yìí. Ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀? – Ìyá Dámilọ́lá, Houston

ÌDÁHÙN: Ìyá Dámilọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé ó mọ ìlúwẹ̀ẹ́? Tó bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ lifeguard, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n má bàa rì, ni mo fọwọ́ sí. Wọn ò ní bi í pé ibo ló ti ṣiṣẹ́ rí. Ìwé-ẹ̀rí ni wọ́n á béèrè. American Red Cross, ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ tó ń fúnni ní ìwé náà, máa ń kọ́ ọmọ ọdún 15 sókè, ọdún 2 ni ìwé náà sì fi ń ṣiṣẹ́.

Ìdánwò ló ṣáájú ẹ̀kọ́ o. Yóò wọ ìsàlẹ̀ omi lọ gbé ẹrù oníwọ̀n 10 páùn, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àyà, yóò wá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò máa fi wẹ̀ padà. Mo ti rí ọmọ ìjọ wa tó ń wẹ̀ bí ẹja, àmọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e níbẹ̀. Kó tètè máa fi ẹsẹ̀ dánra wò.

Owó ibẹ̀ sábà máa ń ju $7.25 fún wákàtí lọ, ìyẹn owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan tiẹ̀ máa ń dá owó ẹ̀kọ́ padà. Ẹ bi wọ́n. Lásìkò ìsinmi, òfin ò gbà kí ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe ju wákàtí 8 lóòjọ́ lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ etí òkun títí yóò fi pé 16.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fowó ránṣẹ́ kó tó fún un níṣẹ́, olè ni, ẹ má dá a lóhùn. Kí ọmọ wa máa mu omi dáadáa, kó sì dé fìlà. Oòrùn Houston le.