Bí a ṣe ń wá iṣẹ́ gidi fún akanda ẹ̀dá

Ìbéèrè: Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni mo ní, a máa ń di ẹrù tí àwọn oníbàárà bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa mẹ́rìnlá la wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún 23. Ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba ẹ̀kọ́, kò mọ̀wé kà, kíka iye nǹkan sì máa ń dà á láàmú. Mo fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó lè ṣe, n kò sì fẹ́ máa fi àánú sanwó fún un. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbà á. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ohun tó lè ṣe sílẹ̀ ná. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kàn máa wo ilé-iṣẹ́ yín. Iṣẹ́ wo ló máa ń kù nílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú? Ta ni ọ̀jáfáfá tó ń fi wákàtí kan lójúmọ́ ṣe páálí, tàbí tó ń yọ ẹrù tí oníbàárà dá padà kúrò nínú ọ̀rá? Ẹ kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ, iṣẹ́ kan á jáde níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ tí kò wá, kò sẹ́ni tó mọ̀, ibi ìjókòó lẹ fún un, ẹ kò tíì fún un níṣẹ́.

Ti kíka iye nǹkan rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Mo bá ọ̀dọ́bìnrin kan ṣiṣẹ́ rí tí kò lè ka nǹkan kọjá mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ìdérí méjìlá-méjìlá ló gbọ́dọ̀ máa kó sínú ọ̀rá. A wá pákó pẹlẹbẹ kan, a lu ihò méjìlá sí i. Ó ń fi ìdérí kan sínú ihò kan. Bí ihò bá ti kún tán, ó gbé pákó, ó dà á sọ́ràá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àṣìṣe rẹ̀ fi kéré sí ti àwọn tó ń fẹnu kà, torí ẹni tó ń fẹnu kà, bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ báyìí, ó ti gbàgbé ibi tó dé.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1970 sí 1979, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Marc Gold kọ́ àwọn tí wọ́n ti pè ní aláìlèkọ́ ní bí a ṣe ń to bíréèkì kẹ̀kẹ́ tó ní ẹ̀yà 15. Ó gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, ó ń fi ọwọ́ hàn wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹnì kan kò bá mọ̀ ọ́n, olùkọ́ ni yóò yí ọ̀nà padà.

Nítorí náà, ẹ má sọ pé kó lọ kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan níbòmíràn kó tó wá. Ìdí tábìlì tí yóò máa lò gan-an ni kí ẹ ti kọ́ ọ. Ẹ yan ẹnì kan tí wọ́n jọ ń wọṣẹ́, tó ní sùúrù, kó dúró tì í. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń mọ́ ọn, kí onítọ̀hún máa yẹra díẹ̀díẹ̀.

Owó ńkọ́? Iye tí ẹ ń san fún ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ni kí ẹ san. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akanda ẹ̀dá sọ ọ́ ní abala 27: iṣẹ́ tí iyì wọn bá dọ́gba, owó wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wákàtí mẹ́rin lagbára rẹ̀ mọ, ẹ san owó wákàtí mẹ́rin. Owó ọkọ̀ àti “o ṣeun” kì í ṣe owó iṣẹ́, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba, kí ó béèrè ṣáájú bóyá owó iṣẹ́ yóò dín in kù.

Òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kí àwọn òbí rẹ̀ má máa dáhùn fún un. Ẹ jẹ́ kó wá wo iṣẹ́ náà fún ìdajì ọjọ́, kó fọwọ́ kàn án, kó sọ èyí tó wù ú.

Bí ó bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ sọ fún un. Mo mọ ọkùnrin kan tí kò sẹ́ni tó bá a wí rí fún oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn tó bá lọ ilé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń tú ohun tó dì, tí wọ́n á tún un dì. Ó gbàgbé fìlà rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó padà wá mú un, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tú ohun tó dì. Kò wá síbi iṣẹ́ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.