Ṣé àwọn adìẹ mi lè bá wa kó dé Adó-Èkìtì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìkòròdú là ń gbé, a fẹ́ kó lọ sí Adó-Èkìtì lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní abo adìẹ 14 àti àkùkọ méjì lẹ́yìnkùlé. Ọkọ mi ní kí n tà wọ́n, kí n ra òmíràn tá a bá débẹ̀. Láti kékeré ni mo ti tọ́ wọn o. Ṣé wọn ò ní kú sọ́nà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò, ìyáa wa. Ẹ má tà wọ́n. Adìẹ ọjà, ẹ ò mọ àrùn tó gbé wá. Àkùkọ kan lẹ lè fi se ọbẹ̀ ìdágbére, torí ìkan ti tó fún abo tẹ́ ẹ ní yẹn.

Ọ̀nà jíjìn kọ́ ló ń pa adìẹ, ooru ni. Adìẹ kì í làágùn, ẹnu ló fi ń mí ooru jáde. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kó mẹ́wàá sí búùtù láti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo, lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí mo ṣí i, gbogbo wọn lanu sílẹ̀, ogbe orí wọn ti dúdú, mẹ́rin ti kú. Láti ìgbà náà, mi ò kó adìẹ sí búùtù mọ́.

Òru ni kẹ́ ẹ mú wọn lórí igi ìsùn, wọn ò ní bá yín jà. Mi ò ní kẹ́ ẹ rin òru, gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà ṣe rí, ṣùgbọ́n bí ojú bá ṣe ń mọ́ ni kẹ́ ẹ gbéra. Agọ̀ onírọ́bà tó ní ihò ni kẹ́ ẹ lò, méje-méje, kí àkùkọ dá wà. Ẹ má so wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹ fún wọn lómi dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ, oúnjẹ díẹ̀ ti tó. Tẹ́ ẹ bá dúró jẹun lọ́nà, abẹ́ igi ni kí mọ́tò wà.

Ní báyìí, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lúkúlúkú, àrùn tó máa ń pa adìẹ, fún wọn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó kó. Ẹ tún bèèrè ìwé ìlera ẹran lọ́dọ̀ dókítà ẹran ìjọba.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ tì wọ́n mọ́ ilé wọn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èyí tẹ́ ẹ bá tú sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, inú igbó ló máa wọ̀ sí, ẹtà á sì rí i jẹ. Àwọn kan máa ń fi okùn so ó mọ́ èèkàn, mi ò fẹ́ràn rẹ̀, okùn máa ń gé e lẹ́sẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ní Ìkòròdú dání, kẹ́ ẹ máa fi tuntun lú u díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lè má yé ẹyin fún ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta. Àyà wọn ló já, kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń ya ìgbẹ́ àwọ̀ ewé tàbí tí ọrùn rẹ̀ lọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀ kíá, kẹ́ ẹ pe dókítà.

Ṣé kò sí èyí tó ń sàba nínú wọn? Tó bá wà, ọjọ́ 21 ló máa fi sàba. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó dájọ́ fún onímọ́tò.