Ilé wo là á wò, ká tó sọmọ lórúkọ?

Ìwọ tí ìyàwó rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó o ń béèrè ìtumọ̀ "Ilé là á wò, ká tó sọmọ lórúkọ", tó o ní ẹnì kan sọ lórí rédíò pé kéèyàn wo bí àpò òun ṣe wúwo tó kó tó pe èrò ìkómọ, ìwọ ni mò ń bá wí: dákun, gbàgbé ìyẹn. Inú bí mi nígbà tí mo kà á nínú ìbéèrè rẹ. Ta ló sọ ilé di àpò?

Ilé tí òwe ń wí kì í ṣe yàrá méjì tó o háyà. Agboolé ni, àwọn ọmọ baba ńlá kan tó kọ́lé yí àgbàlá kan ká, tí baálé sì ń ṣàkóso wọn. (Baálé ni mo wí o. Baálẹ̀ ló ń jẹ lórí ìlú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti pò wọ́n pọ̀.) Iṣẹ́ ilé tàbí òrìṣà ilé ni orúkọ púpọ̀ ti ń yọ. Ilé onílù ló ń bí Àyándélé, ilé babaláwo ló ń bí Fákúnlé, ilé ọdẹ ló ń bí Ọdẹ́wálé.

Ilé Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń pe agboolé wa. Ìlú kékeré ni. Kí n tó gbọ́njú, kò sẹ́ni tó ń rọ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Tẹ́lọ̀ ni, awakọ̀ ni, tíṣà ni. Àlejò á máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé ewìrì dà? Ìyá àgbà tó bí bàbá mi ló fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan, ó fi òkúta kan hàn mí tí ojú rẹ̀ ti jẹ wọnú, tó ń dán. Ó ní owú nìyẹn, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń lu ọkọ́ àti àdá, ìdí rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bọ Ògún. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ láti orí baba dórí ọmọ: Ògúndélé, Ògúnlẹ́yẹ, Ògúnbọ̀wálé. Nígbà tó kan Abíógun, ó dúró díẹ̀, ó ní inú ogun Kírìjì ni wọ́n bí ìyẹn. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọn ò ṣàdéhùn àlàáfíà rẹ̀ àfi ní 1886! Kò sẹ́ni tó kọ ìtàn ilé wa sínú ìwé. Orúkọ ló bá wa tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí òwe yẹn ń sọ nìyẹn lójú tèmi, kò sì sẹ́ni tó máa yí mi lọ́kàn padà. Wo ibi tí ìtàn ilé dé, kó o fi orúkọ ọmọ tẹ̀ síwájú. Àwọn kan á ní Abíọ́nà ńkọ́, Babátúndé ńkọ́? Ìyẹn náà wà, bí wọ́n ṣe bí ọmọ ló ń mú un wá.

Lónìí, Ògúndélé ti di Olúdélé, Fábùnmi ti di Jésùbùnmi. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n bí àjòjì bá gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ ilé wa báyìí, kò lè mọ̀ pé a rọ ọkọ́ rí. Wọ́n ti pín àgbàlá. Wọ́n da kọnkéré bo owú, jẹnẹrétọ̀ ló jókòó lé e lórí.

O tún béèrè ẹni tó yẹ kó o bi nípa ilé tìrẹ. Má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ baálé. Ìyá àgbà tí mo sọ yẹn kì í ṣe ọmọ ilé wa, ìyàwó ni. Àwọn ìyàwó ilé ló ń kọ́ oríkì ọkọ àti ti ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Àwa ọkùnrin kàn ń mi orí sí i ni. Lọ bá èyí tó dàgbà jù nínú wọn kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Àárọ̀ ni kó o lọ, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ilé, má ṣe já lù ú.